Ẹ̀rọ Tó Sọ Aago Mẹ́ta Di Mẹ́rin

Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, èmi ni mo jẹ̀bi. Bí mo bá ní ẹ̀rọ ló ṣe é, irọ́ ni. Bí mo bá ní àwọn ará Lọ́ńdọ́nù ló fà á, ìdajì irọ́ ni. Ẹnu mi yìí, tí Bàbá mi máa ń sọ pé ó ti ń sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gé ìwọ́ mi, òun ló kó bá mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Nígbà náà, ìpínlẹ̀ Èkìtì kò tíì ju ọdún méjì àbọ̀ lọ tí wọ́n dá a sílẹ̀. Adó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ti ń ṣe olú-ìlú ni, èmi náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ti ń ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Táípíìsì ni mí, ní iléeṣẹ́ ìjọba kan tí àwa mẹ́ta ti ń pín tábìlì kan lò. Ilé àwọn òbí mi ni mo ṣì ń gbé. Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, Màmá mi ń ta ìrẹsì Ìgbẹ́mọ ní Ọjà Ọba. Àwa méjì péré ni wọ́n bí: ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ti lo ọdún mẹ́rin ní Lọ́ńdọ́nù, àti èmi ẹlẹ́nu mímú yìí.

Láàárín ọdún mẹ́rin yẹn, Màmá kò gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sí tẹlifóònù ní àdúgbò wa, ẹ̀gbọ́n mi náà kò ní in nínú yàrá tó háyà. Lẹ́tà ló ń kọ. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ burú, ó máa ń dà bíi pé adìẹ ló rìn kọjá lórí bébà, Màmá tí kò mọ̀wé kà sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Á máa fi ìka tọ́ ọ, á ní, "Ọwọ́ ọmọ mi nìyí." Nígbà tó wá di ọdún kẹrin, ẹ̀gbọ́n mi kọ́ kọ̀ǹpútà, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà rẹ̀. Ó rò pé ọ̀làjú ni òun ń ṣe. Kò mọ̀ pé òun ti pa ara òun lójú ìyá òun.

Nítorí obìnrin kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, kí Ọlọ́run foríjì í, kó sì foríjì èmi náà tí mo ṣì ń bínú sí i dòní, tó lọ sọ fún Màmá pé ọmọ ẹnì kan kú sókè òkun, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bá a kọ lẹ́tà sílé fún odidi ọdún méjì kí ọkàn ìyá rẹ̀ má baà bàjẹ́. Ó ní kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ó tán! Láti ọjọ́ náà ni Màmá kò ti jẹun yó mọ́. Á bu ìrẹsì sínú àwo, á jẹ ẹ́ dé ìdajì, á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí.

Mo ní, "Màmá, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tẹ lẹ́tà ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, ọ̀gá mi kò sì kú."

Ó wò mí. Ó ní, "Ta ló ń bá ọ̀gá rẹ tẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni."

"Ẹn-ẹ́n."

Bàbá ló yára kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi pé ohùn ni ìyá rẹ̀ fẹ́ gbọ́, kì í ṣe ìwé, ó sì kọ nọ́ńbà bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan tí wọ́n ti ń sanwó lo tẹlifóònù lẹ́bàá Ọjà Ọba sínú rẹ̀.

Èsì dé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ti Lọ́ńdọ́nù wá sin bàbá rẹ̀ ní Adó. Lẹ́tà kan ni, ẹ̀bùn kan sì bá a wá fún mi. Lẹ́tà náà sọ pé ní ọjọ́ Ìsinmi kẹta nínú oṣù, ní aago mẹ́ta ọ̀sán, "aago ti ọ̀dọ̀ yín," òun máa pe nọ́ńbà náà, pé kí a mú Màmá wá síbẹ̀. Láti tẹlifóònù ẹ̀gbẹ́ títì ni òun yóò ti fi káàdì pè, nítorí náà a kò lè pe òun padà. Mo ka lẹ́tà náà sí Màmá létí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ẹ̀bùn mi wá ńkọ́? Hà! Ọ́gánáísà ni wọ́n ń pè é. Ó dúdú, ó rí pẹlẹbẹ, ó ń ṣí bíi Bíbélì kékeré, bọ́tìnnì inú rẹ̀ tò bíi eyín àgbàdo. Bí èèyàn bá tẹ ọjọ́ àti aago ohun tó fẹ́ ṣe sínú rẹ̀, á pa á mọ́. Nígbà tí àkókò bá tó, á ké pìpìpì. Kò sẹ́ni tó ní irú rẹ̀ ní gbogbo iléeṣẹ́ wa, mo sì rí i dájú pé gbogbo iléeṣẹ́ wa mọ̀ pé àwọn kò ní in. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó dé gan-an ni mo jókòó tì í, mo tẹ gbogbo ohun tí mo fẹ́ ṣe lóṣù náà sínú rẹ̀: ìpàdé iléeṣẹ́, ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin, ìsọmọlórúkọ ọmọ aládùúgbò. Mo tẹ ìpè Màmá náà síbẹ̀: ọjọ́ Ìsinmi, aago mẹ́ta.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo tó rí i pé aago ojú ẹ̀rọ náà fi wákàtí kan rẹ̀yìn. Mo ka ìwé tó bá a wá. Wọ́n ní ìlú Lọ́ńdọ́nù ni wọ́n tò ó sí, kí n yí i sí ìlú tèmi. Adó kò sí nínú rẹ̀, èyí sì dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n Èkó wà. Mo tẹ bọ́tìnnì kan, Lọ́ńdọ́nù lọ, Èkó dé, aago náà sì bá ti rédíò Bàbá mu régé. Mo pa á dé, mo gbé e sínú báàgì, mo gba ibi iṣẹ́ lọ pẹ̀lú àyà gbígbé síwájú. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé bí mo ti tẹ bọ́tìnnì yẹn, gbogbo ohun tí mo ti kọ sínú ẹ̀rọ náà lánàá bá aago rìn. Mẹ́wàá di mọ́kànlá. Mẹ́ta fò di mẹ́rin.

Ẹ máa bi mí pé ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ṣé ojú mi fọ́ ni? Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ìpàdé tí wọ́n bá fi sí aago mẹ́wàá ní iléeṣẹ́ wa, mọ́kànlá ni alága máa ń wọlé. Ìdánrawò akọrin aago mẹ́rin, ó di márùn-ún kí ẹni àkọ́kọ́ tó gbọn eruku kúrò lára ìwé orin. Ìsọmọlórúkọ aago méje, mẹ́jọ ni wọ́n gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ mi á ké pìpìpì, màá dìde, màá sì débẹ̀ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn ń sọ pé, "Ẹ̀rọ yìí mà mọ nǹkan o!" Èmi náà ń sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo Adó ló bá ẹ̀rọ mi pa irọ́ kan náà. Ẹnì kan ṣoṣo tó máa pe aago mẹ́ta ní aago mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi, òun sì rèé, Lọ́ńdọ́nù ló wà.

Ọjọ́ Ìsinmi kẹta pé. A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Màmá kò bọ́ aṣọ. Ó jókòó sínú pálọ̀ pẹ̀lú gèlè lórí, ó ń wo aago ògiri. Òpùrọ́ paraku ni aago ògiri wa. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni Bàbá ti máa ń fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tì í síwájú, kí Màmá má baà pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá mọ̀, nítorí náà ó máa ń fúnra rẹ̀ yọ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà kúrò. Bàbá náà mọ̀ pé ó mọ̀, ó sì ti fi mẹ́wàá mìíràn kún un.

Màmá ní, "Ká tilẹ̀ yọ irọ́ Bàbá yín kúrò, ó ti kọjá méjì. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Mo ní, "Màmá, ẹ fara balẹ̀. Aago mẹ́rin ni."

"Ṣebí mẹ́ta lo kà sí mi létí?"

Mo ṣí ọ́gánáísà mi, mo nà án sí i bí ẹni ń na káàdì ìdánimọ̀ sí ọlọ́pàá. "Ẹ wò ó níbí. Ọjọ́ Ìsinmi, aago mẹ́rin. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́."

Bàbá gbójú kúrò nínú ìwé ìròyìn. "Lẹ́tà náà dà?"

"Bàbá, ẹ̀rọ nìyí. Kì í gbàgbé. Èèyàn ló ń gbàgbé."

Màmá tún ní, "Mẹ́ta ni mo gbọ́ o." Ẹ gbọ́ ohun tí mo fi dá a lóhùn. Mo ní, "Etí àgbà ni, Màmá." Mo tún rẹ́rìn-ín sí i. Bí mo bá rántí ẹ̀rín yẹn títí di òní, ó máa ń ṣe mí bíi kí n gbá ara mi létí.

A dé bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà ni obìnrin tó ni ín ń gbé, ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì wọ bàtà. Bó ti rí Màmá ló káwọ́ lérí.

"Ẹ̀yin ni Màmá tí wọ́n ń pè láti Lọ́ńdọ́nù? Yéè! Láti aago mẹ́ta ni o, mà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè. Mo jáde síta lọ wò yín títí. Ó ní òun máa tún pè lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, àkókò kan náà."

Màmá fọwọ́ ti tábìlì. "Ọmọ mi, báwo ni ohùn rẹ̀ ṣe rí?"

"Ohùn ọkùnrin ni, mà. Ó ń yára sọ̀rọ̀."

"Ohùn ọkùnrin." Màmá tún un sọ. "Ó dáa. Ká re ulé." Bí wọ́n ti ń pe ilé nìyẹn ní Ìgèdè tí wọ́n ti bí i, tí inú rẹ̀ bá sì bàjẹ́ ni Ìgèdè máa ń padà sẹ́nu rẹ̀.

Ì bá sàn kó bú mi. Kò bú mi. A rìn títí a fi kan ẹnu ọ̀nà wa. Ibẹ̀ ló ti ní, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, "Ọkùnrin pọ̀ ní Lọ́ńdọ́nù." Kò fọwọ́ kan oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ rárá. Ojú tì mí dé ọ̀run.

Mo wá lẹ́tà náà jáde. Mẹ́ta ló wà níbẹ̀, gbàgàdà. Ní ọjọ́ Ajé, mo gbé ẹ̀rọ náà sórí tábìlì níbi iṣẹ́, mo ní lónìí èmi àti ìwọ la ó jọ sọ̀rọ̀. Mo kọ "jẹ ẹ̀wà, aago méjì ọ̀sán" sínú rẹ̀ láti fi dán an wò. Mo yí i sí Lọ́ńdọ́nù: ẹ̀wà mi bọ́ sí aago kan. Mo yí i sí Níú Yọ́ọ̀kì: aago mẹ́jọ àárọ̀. Mo yí i sí Tókíò: ẹ̀wà mi di aago mẹ́wàá alẹ́. Mo tún yí i sí Èkó, ẹ̀wà padà sí méjì bí ẹni pé kò kúrò lójú kan rí.

Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń lo tábìlì tẹjú mọ́ ọn. Ó ní, "Jọ̀ọ́, má ṣe gbé e jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó má lọ jẹ́ pé àná la ti jẹ ẹ̀wà ọ̀hún."

Ó yé mi wàyí. Ìlú lèèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí kó tó kọ ohunkóhun sínú rẹ̀. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo tún un kọ pẹ̀lú Èkó lójú ẹ̀rọ. Mo fi ìpè Màmá sí aago mẹ́ta. Mo tún ní kó kọ́kọ́ ké ní méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ká lè débẹ̀ ní méjì àbọ̀. Bàbá fi ṣọ́ọ̀kì kọ 3 gàdàgbà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tíṣà kì í kúrò lára èèyàn. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Màmá, ìlú dé ìlú. Ó gbọ́ mi tán, ó ní ó dáa, ó sì ń ṣa òkúta inú ìrẹsì rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e dé. Lẹ́yìn ìsìn, a kò rí Màmá, a rò pé ó dúró ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ ìyá ni. Èmi àti Bàbá wálé, mo gún iyán, a jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ. Ní méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, pìpìpì! Bàbá fò sókè. "Ó ké!" A sáré kọjá sí ṣọ́ọ̀ṣì láti mú Màmá. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ àfi ẹni tó ń gbálẹ̀, ó ní bí ìsìn ti parí ni Màmá ti gba ọ̀nà Ọjà Ọba lọ.

A bá a lórí bẹ́ǹṣì inú bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ó bọ́ bàtà sílẹ̀, ó ń fi ìwé orin fẹ́ ara rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀," ó ní. "Ṣé ẹ̀rọ yín ti ké?"

"Ó ti ké, Màmá. Ó ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gééré."

"Ó dáa. Ẹ jókòó."

Obìnrin oníṣọ́ọ̀bù náà kọ ojú sí ògiri. Mo rí i pé èjìká rẹ̀ ń mì, mo rò pé ikọ́ ló ń ṣe é.

Aago mẹ́ta lù. Ẹ̀rọ mi ké. Gbogbo wa kọjú sí tẹlifóònù. Tẹlifóònù kò sọ nǹkan kan. Mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó dún, èmi àti Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ forí gbára: ẹnì kan ni láti Ìlọrin, ó ń wá télọ̀ tó gba aṣọ rẹ̀. Ó di mẹ́ta àbọ̀. Mo ṣí ẹ̀rọ náà, mo tún pa á dé. Bàbá ń sọ lábẹ́ èémí pé, "Ṣé o tò ó dáadáa? Ṣé o tò ó dáadáa?" Màmá ń fẹ́ ara rẹ̀. Ìgbà yẹn ni èrò kan tí n kò gbà láàyè rí wọ inú mi: tó bá jẹ́ pé òótọ́ ni obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì yẹn sọ ńkọ́? Tó bá jẹ́ pé ẹlòmíì ló ń tẹ lẹ́tà yẹn ńkọ́? Mo bú sẹ́kún níbẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Mẹ́ta ni mo tò ó sí. Mẹ́ta ni lẹ́tà wí."

Màmá dá ìwé orin dúró. Ó ní, "Ta ló jẹ ẹsẹ̀ ẹtu ìyá mi ní Ìgèdè?"

Ẹkún gbẹ lójú mi. Ó tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ẹtu yẹn ti ṣẹlẹ̀. Èmi jẹ́ ọmọ ọdún méje, ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ mọ́kànlá, a lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ ìyá Màmá. Ìyá àgbà fi ẹsẹ̀ ẹtu kan kọ́ sókè ààrò, ó ń yan án gbẹ de àlejò pásítọ̀. Ọjọ́ tí pásítọ̀ máa dé ni wọ́n wá ẹran tì. Abẹ́ ẹní ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ti rí egungun rẹ̀. Wọ́n nà án, Màmá sì ní kò ní fẹnu kan ẹran fún oṣù kan. Èèyàn méjì péré ló mọ ẹni tó fi egungun yẹn síbẹ̀.

Mo ní, "Màmá, kí ló mú Ìgèdè wá?"

"Mo ní ta ló jẹ ẹ́?"

"Ṣebí... ṣebí ẹ̀gbọ́n mi ni?"

Obìnrin oníṣọ́ọ̀bù ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó di tábìlì mú.

"Ó ti pè," Màmá ní. "Aago méjì gééré ló pè, ẹ̀yin méjèèjì ń jẹ iyán. Èmi kò bá ẹ̀rọ kankan lọ mọ́, mo ní kí n wá jókòó síbí, ìgbà tó bá wù ú kó pè. Ó ní, 'Màmá, èmi ni.' Mo ní ìwọ ta? Ó pe orúkọ rẹ̀. Ta ni kò lè pe orúkọ? Mo ní, tó bá jẹ́ ìwọ ni, ta ló jẹ ẹsẹ̀ ẹtu ìyá mi? Ló bá bú sẹ́rìn-ín." Ohùn Màmá yí padà. "Ẹ̀rín yẹn! Ṣé kì í ṣe èmi ni mo bí ẹ̀rín yẹn ni? Ó ní òun ti ṣèlérí pé òun kò ní sọ. Mo ní tí o kò bá sọ, ìwọ kọ́ nìyẹn."

Ó wá wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ó ní ikọ́ ń ṣe ọ́ nígbà yẹn, o rù kan egungun, òun rò pé bí wọ́n bá nà ọ́ o máa kú. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má nà ọ́."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi kò mọ èyí tí mò ń ṣe, ẹkún ni àbí ẹ̀rín.

Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ti aago gbogbo ìlú síwájú ní Lọ́ńdọ́nù, wákàtí kan, bí wọ́n ti máa ń ṣe lọ́dọọdún tí òtútù bá ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ti tirẹ̀, ó gbàgbé pé àwa kò ti tiwa. Méjì tirẹ̀, tó jẹ́ mẹ́ta tiwa tẹ́lẹ̀, ló wá di méjì tiwa náà. Bí mo ti kà á dé ibẹ̀ ni Bàbá dìde, ó na ìka sí aago ògiri. "Ṣé ẹ rí i? Ohun tí mo ń ṣe nínú ilé yìí láti ọjọ́ tó ti pẹ́, odidi ìjọba ló ń ṣe é lọ́hùn-ún!" Láti ìgbà náà ni kò ti gbà kí a pe aago yẹn ní òpùrọ́ mọ́.

Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Màmá bu oúnjẹ fún wa. Ó fi ẹran méjì lé ìrẹsì Bàbá, ó fi méjì lé tirẹ̀, ó gbé àwo tèmi síwájú mi: ìrẹsì funfun, ọbẹ̀, ó parí. Mo la ẹnu.

"Ẹran tìrẹ ti wà nínú rẹ láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún," ó ní. "Mo ní mi ò ní nà ọ́. Mi ò sọ pé mi ò ní gba ẹran mi. Oṣù kan ni, bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ."

Mo pa ẹnu mi yìí dé, mo jẹ ìrẹsì mi bẹ́ẹ̀. Màmá jẹ tirẹ̀ tán, ó fi ìka nu àwo mọ́, ó sì tún lọ bu òmíràn.